Ẹ Má Jẹ́ Kó Yọ Àkámọ́ Náà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Ẹ̀wà àti gàrí ni mo ń tà ní ọjà Atákúnmọ́sà níbí n'Iléṣà. Wọ́n fún ọmọ mi, tó wà ní SS1, ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kóńgò ẹ̀wà kan pẹ̀lú gàrí méjì, ₦5,200, ẹ̀wà mẹ́ta pẹ̀lú gàrí mẹ́rin, ₦13,200. Èló ni kóńgò kọ̀ọ̀kan? Wọ́n ní ọ̀nà ìfidípò ni kí wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é, −1,200 ni gàrí ń jẹ́. Ó ń sunkún pé orí òun ò gba ìṣirò. Mo fi ohun tó kọ ránṣẹ́. — Ìyá Wúrà

ÌDÁHÙN: Ìyá Wúrà, ẹ bá mi nu ojú ọmọ yẹn. Mo ti wo ìwé rẹ̀, orí rẹ̀ pé. Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ mú nínú ìdọ́gba kìíní, ìyẹn ti ₦5,200, nítorí pé ẹ̀wà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ (e ni owó kóńgò ẹ̀wà kan, g ni ti gàrí):

e = 5,200 − 2g

Ó mọ̀ ọ́n yàn. Tó bá jẹ́ gàrí ló mú ni, ìdajì ìbá ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ohun tó kọ ni pé, tí a bá yọ owó gàrí méjì kúrò nínú ₦5,200, owó ẹ̀wà kan ló kù. Níbikíbi tí a bá ti rí ẹ̀wà, a lè fi èyí dípò rẹ̀.

Ibi tó ti ṣìnà rèé: 3 × 5,200 − 2g + 4g. Ó yọ àkámọ́, ìyẹn àmì ( ) tó yẹ kó yí 5,200 − 2g ká. Ẹ̀ẹ̀ta yẹn sọ owó di mẹ́ta, ó sì fi gàrí sílẹ̀.

Òṣómààló ni bàbá mi, ó ń ta aṣọ àwìn kiri. Kò mọ̀wé, ìlà èédú lára ògiri ni ìwé gbèsè rẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá ra irú aṣọ kan náà, tí olúkúlùkù sì ti san díẹ̀ sílẹ̀, owó àsansílẹ̀ ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yọ, kì í yọ ti ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà mẹ́ta yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní gàrí méjì tí a ó yọ, gàrí mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀:

3(5,200 − 2g) + 4g = 13,200
15,600 − 6g + 4g = 13,200
2g = 2,400

Gàrí, ₦1,200. Ẹ̀wà, ₦2,800. Àwa tíṣà la sábà máa ń sáré kọjá lórí àkámọ́, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Mo rí i pé ó dán ìdáhùn rẹ̀ wò, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ ìdọ́gba kìíní ló fi dán an wò. Ẹ̀wà tirẹ̀ di 7,600, gàrí −1,200. 7,600 − 2,400, ó di 5,200 géérégé, ló bá rò pé òun gbà á. Kò lè ṣe kó má bá a mu, torí inú ìdọ́gba yẹn gan-an ló ti yọ ẹ̀wà jáde. Ẹ ní kó gbé e lọ sínú ìkejì: 22,800 − 4,800, ₦18,000 ni yóò bá níbẹ̀ dípò ₦13,200.