Kí ló dé tí omi fi ń pòòyì lẹ́yìn òpó afárá?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀yin olóòtú wa. Nígbà tí mo ń lọ sí Abújá, mo wo odò Ọya lábẹ́ afárá Murtala Mohammed ní Jámátà, mo rí i pé ẹ̀yìn òpó nìkan ni omi ti ń pòòyì, á ṣàn lọ díẹ̀, á sì parẹ́. Kí ló ń fà á, níbo ló sì ń wọlẹ̀ sí? Ìyá Ṣadé, Kàbà.

Ìdáhùn: Okun o, Ìyá Ṣadé, ẹ ṣeun gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá níbẹ̀ tí wọn ò wo ìsàlẹ̀ rárá. Ṣé ẹ rí i, omi tó ń fara ra òpó, òpó ń fà á sẹ́yìn ni, kì í yára mọ́, àmọ́ èyí tó jìnnà sí òpó díẹ̀ ṣì ń sáré lọ ní tiẹ̀, tí wọ́n bá wá dé ibi tí òpó ti fẹ́ ṣẹ́rí sẹ́yìn, èyí tó ń rọra lọ yẹn ò lágbára láti tẹ̀ lé ara òpó mọ́, á já kúrò, èyí tó ń sáré á wá ká a bí ẹni ká ẹní. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀tún á já, òsì á já, wọ́n ń gbà á fún ara wọn ni, èyí ọ̀tún ń yí síbí, èyí òsì ń yí sọ́hùn-ún. Theodore von Kármán, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Hungary, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1911. Ohun tó wú mi lórí jù nìyí o: ká ní òpó róbótó kan fẹ̀ ní mítà 2, tí omi ń sáré mítà 1 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa tú ọ̀kan sílẹ̀ ní bíi sẹ́kọ́ǹdì 10 síra wọn. Tí omi bá kún, tí eré ẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó di bíi sẹ́kọ́ǹdì 5.

Ní ti ibi tó ń wọlẹ̀ sí, kì í wọlẹ̀ síbì kankan. Àwọn omi tó ń pòòyì yẹn ń fa ara wọn, wọ́n ń na ara wọn, ńlá á fọ́ sí kékeré, kékeré á tún fọ́, títí á fi kéré débi pé kíki omi fúnra ẹ̀ á dá a dúró, agbára inú ẹ̀ á di ooru, àmọ́ ooru tí ọwọ́ ò lè mọ̀ ni.

Iwájú òpó náà ní tiẹ̀ o, ẹ ò kàn rí i ni, ìsàlẹ̀ ló wà. Omi tó kọlu òpó á sọ̀ kalẹ̀, á pòòyì mọ́ ìdí ẹ̀, á máa gbẹ́ iyanrìn kúrò níbẹ̀, ó wà lára ohun tó ń wó afárá jù láyé, torí ẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà ṣe máa ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ òpó inú odò jìn gan-an.