Èsì: Fóònù ló gbé Boomplay wọlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní báwo ni Boomplay, áàpù tá a fi ń gbọ́ orin lórí fóònù, ṣe gba ìgboro kí Spotify tó jẹ́ irú rẹ̀ tó dé. Fóònù ni o. Ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, inú fóònù Tecno ló sì ti ń bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó ra fóònù ti rà á mọ́ ọn nìyẹn. Spotify tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sweden lọ́dún 2006, oṣù kejì ọdún 2021 ló tó yà sọ́dọ̀ wa.

Ẹ sì rántí bá a ṣe ń rí orin gbọ́ ní Kubwa l'Ábùjá níbí kí àwọn áàpù yìí tó dé. Èèyàn á gbé mẹ́mọ́rì káàdì lọ bá ọmọkùnrin Hausa kan tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lábẹ́ agboòrùn, á ní kó bá òun kó fújì sí i. Tẹ́ ẹ bá fi máa délé, ìdajì rẹ̀ ni ẹ ò bèèrè! Káàdì mi kan ṣì wà tó kún fún orin Hausa, mo sì ti wá fẹ́ràn wọn.

Èmi ń lo méjèèjì báyìí, àmọ́ tí mo bá ń wá fújì àtijọ́ nínú bọ́ọ̀sì Wuse, Boomplay ni mo kọ́kọ́ ń ṣí.