Ẹ Bi Wá: Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ṣírò Láìdúró

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Agbowó ni mò ń gbé. Mo fi solve_ivp, irinṣẹ́ kan nínú SciPy (àkójọ irinṣẹ́ ìṣírò fún èdè kọ̀ǹpútà Python), ṣírò bí kẹ́míkà mẹ́ta ṣe ń yí padà di ara wọn. Láti àárọ̀ ni fáànù kọ̀ǹpútà mi ti ń pariwo, èsì ò jáde. Ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi owó rẹ sápò. Bí o kò bá yan ọ̀nà ìṣírò kankan, RK45 ni solve_ivp máa ń lò, iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe tirẹ̀. Kẹ́míkà kan ń yí padà wàràwàrà, òmíràn ń wọ́ bí ìgbín. Nítorí èyí tó yára, RK45 á máa gbẹ́sẹ̀ tín-ín-tín láti àkókò kan sí èkejì, kódà nígbà tí ìyára náà ti rọlẹ̀. Kọ method="Radau" tàbí "BDF" sí i, àwọn ọ̀nà tó bá irú iṣẹ́ yìí mu. Radau lèmi fẹ́ràn jù.

Wo atol náà, ìyẹn ìwọ̀n àṣìṣe tí solve_ivp ń gbà láyè: bí o kò bá yí i padà, 1e-6 (ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan) ló máa ń wà níbẹ̀. Bí kẹ́míkà kan bá kéré tó bẹ́ẹ̀, má gba èsì rẹ̀ gbọ́, àfi bí o bá dín atol kù sí 1e-10.

Ìbéèrè: Mi ò lówó MATLAB, ètò ìṣírò tí wọ́n ń tà. Kí ni mo lè lò dípò rẹ̀? (Mọ́kọ́lá)

Ìdáhùn: GNU Octave, ọ̀fẹ́ ni. ode45, irinṣẹ́ MATLAB fún irú ìṣírò òkè yìí, wà nínú rẹ̀.