Svchost Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan: Èwo Ni Ti Windows?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé ni mo ní nílùú Ìbàdàn, Windows 10 ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí fáànù rẹ̀ ti ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, bí n kò tilẹ̀ ṣí ohunkóhun. Nígbà tí mo wo Task Manager, níbi tí Windows ti ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, mo rí svchost.exe kan tí ó ń jẹ ìdá 80 nínú 100 agbára ẹ̀rọ náà. Inú fódà AppData\Roaming ni mo bá a. Mo pa á rẹ́, ṣùgbọ́n bí mo ti tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, ó ti padà síbẹ̀. Defender, agbógunti-fáírọ́ọ̀sì tó bá Windows wá, ní òun kò rí nǹkan kan. Lóṣù tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi fi Office tí a kò sanwó fún sórí rẹ̀. Ṣé trojan ni, ètò burúkú tó ń díbọ́n bí ojúlówó? Báwo ni mo ṣe lè yọ ọ́? (Oǹkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ ibi tí ẹ ti bá fáìlì náà sínú lẹ́tà yín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ fáìlì tirẹ̀ ní svchost.exe. Svchost tòótọ́ jẹ́ ti Microsoft, òun ló ń gbé àwọn iṣẹ́ abẹ́nú Windows ró, C:\Windows\System32 ni ó sì ń gbé, tàbí kí ó wà nínú SysWOW64 tó múlé tì í. Bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ṣe jáyà: láti ẹ̀dà 1703 ti Windows 10, tó jáde ní 2017, bí RAM (ìrántí) ẹ̀rọ bá ti ju gígábáìtì 3.5 lọ, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn iṣẹ́ náà ló máa ń ní svchost tirẹ̀, wọ́n sì lè lé ní àádọ́ta. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí ó yẹ kí ó gbé inú AppData, níbi tí ètò kankan ti lè kó ẹrù rẹ̀ sí láìtọrọ àṣẹ alábòójútó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ayédèrú ni tiyín, ariwo fáànù yẹn sì jọ ti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà wa kírípítò, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kí a rí ẹ̀rí méjì sí i. Nínú Task Manager, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máọ̀sì tẹ orúkọ rẹ̀, kí ẹ yan Open file location; lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Properties fáìlì náà kí ẹ wo Digital Signatures, níbi tí ẹni tó ṣe ètò ti máa ń fọwọ́ sí i. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: àìsí ìbuwọ́lù nìkan kò sọ fáìlì di ayédèrú, nítorí àwọn fáìlì Windows kan wà, bíi notepad.exe, tí ẹ kò ní bá ìbuwọ́lù lára wọn, torí pé inú àkójọ mìíràn ni Microsoft ti buwọ́ lù wọ́n. Ẹ̀rí kejì ni VirusTotal, ìkànnì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Spéìn ní 2004, tí Google sì rà ní 2012, tí ó máa ń fi fáìlì kan ṣoṣo han ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹyọ kan tàbí méjì bá pariwo, ó lè jẹ́ àṣìṣe. Bí ogójì bá pariwo, ẹjọ́ ti parí. Ẹ má gbé ìwé oníbàárà síbẹ̀ o, nítorí àwọn ẹlòmíràn tó ń sanwó fún ìkànnì náà lè rí i.

Ní ti Defender tí kò rí nǹkan kan, Office yẹn ni mo fura sí. Àwọn ètò tí wọ́n fi ń jí Office ṣí sábà máa ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ pa agbógunti-fáírọ́ọ̀sì. Àlejò tó ní kí ẹ lé ọlọ́dẹ lọ kí òun tó wọlé, kí ni ẹ rò pé ó fẹ́ ṣe? Ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ tẹ Manage settings, kí ẹ wo Exclusions nísàlẹ̀. Bí ẹ bá bá AppData tàbí gbogbo C: níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún ọlọ́dẹ pé kò gbọ́dọ̀ yọjú sí yàrá yẹn. Ẹ yọ gbogbo èyí tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀.

Wàyí o, pípa fáìlì yẹn rẹ́ nìkan kò tó, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti fojú ara yín rí i, nítorí ohun kan wà níbòmíràn tó ń dá a padà. Ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn gba Autoruns láti ìkànnì Microsoft, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì pa íntánẹ́ẹ̀tì lórí èyí tó ń ṣàìsàn. Autoruns yóò to gbogbo ohun tó ń dá ara rẹ̀ tan sílẹ̀ fún yín. Ẹ yan Hide Microsoft Entries kí ojú lè mọ́. Ẹ wo Logon, kí ẹ sì wo Scheduled Tasks jù ú lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn kì í wò: iṣẹ́ kan lè fara pamọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó jọ ti ojúlówó, kí ó máa tún fáìlì inú AppData yín gbé dìde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ yọ àmì iwájú rẹ̀ ná, ẹ má tíì pa á rẹ́, kí ẹ lè rí i dá padà bí ẹ bá ṣì í mú. Lẹ́yìn èyí, ẹ tọ́jú iṣẹ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ yọ Office náà kúrò, kí ẹ sì padà sí Windows Security, ẹ wọ Scan options, kí ẹ yan àyẹ̀wò Microsoft Defender tí í ṣe offline. Ẹ̀rọ yóò pa ara rẹ̀, yóò tún tan, yóò sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó jí, ìyẹn nígbà tí trojan ṣì ń sùn tí kò lè sá pamọ́.

Ẹ fi fóònù yín yí àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti ti báńkì padà lónìí, kí ẹ má fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe é. Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà tó ti ṣí ímeèlì wọn lórí ẹ̀rọ yín pé kí àwọn náà yí tiwọn. Ó lè dójú tini, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wọn ni. Bí ó bá tún padà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má bá a jìjàdù mọ́: ẹ kó ìwé àti fọ́tò nìkan jáde, láìmú .exe kankan, kí ẹ sì fi fláàṣì tó tó gígábáìtì 8 tún Windows gbé kalẹ̀. Windows 11 ni kí ẹ lò bí ẹ̀rọ yín bá gbà á, nítorí láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft ti parí ìtọ́jú Windows 10.

ÌBÉÈRÈ: Agbógunti-fáírọ́ọ̀sì mi ní trojan ni fáìlì kan tó wà nínú System32. Ṣé kí n pa á rẹ́ kíákíá? (Oǹkàwé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 2010, àtúnṣe kan tí McAfee, iléeṣẹ́ agbógunti-fáírọ́ọ̀sì, fi ránṣẹ́ ṣi svchost.exe tòótọ́ ti Windows XP mú fún fáírọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ àti ilé ìwòsàn sì ń pa ara wọn, wọ́n ń tan ara wọn, láìdúró. Ẹ jẹ́ kí VirusTotal kọ́kọ́ wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti bà á jẹ́ lóòótọ́, ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí alábòójútó kí ẹ tẹ sfc /scannow. Windows fúnra rẹ̀ ni yóò fi ojúlówó rọ́pò rẹ̀.