Òjé ní imú, ẹ̀ṣẹ̀ ní ìrù: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ Spitfire ńlá sínú ilé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ti kọ́ bàlúù onífóòmù mẹ́ta tí mò ń fi rìmóòtù darí, mo sì ń gbé wọn fò láìsí wàhálà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pílánì Spitfire, bàlúù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó jẹ́ ìdá 1 nínú 5 ti gidi, igi balsa àti plywood ni mo sì fẹ́ fi kọ́ ọ nínú ilé. Ẹnì kan tó ti kọ́ irú rẹ̀ rí sọ fún mi pé òjé tó tó kílò kan àti ààbọ̀ ni òun kó sí imú rẹ̀ kí ó tó ṣeé gbé fò. Ṣé bí gbogbo wọn ṣe máa ń rí nìyẹn? Ṣé ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù ni kí n rà ni, tàbí mọ́tò oníbátìrì? Ṣé mo sì lè fi ẹsẹ̀ tó ń ká sókè sí i?

Ìdáhùn: Òjé kílò kan àti ààbọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín kó sí imú bàlúù rẹ̀, ìrù ló fà á. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ìrù bá ti yé yín, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè yòókù yóò ti rí ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ ṣe tóbi tó. Láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì, mítà 11.23 ni Spitfire ìgbà àkọ́kọ́, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 9.12. Tiyín yóò jẹ́ mítà 2.25 ní apá àti mítà 1.82 ní gígùn. Fífẹ̀ apá rẹ̀ lápapọ̀ yóò sún mọ́ mítà onígun mẹ́rin 0.9. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni pé nígbà tí a bá dín bàlúù kù sí ìdá 1 nínú 5, ìdá 1 nínú 25 ni fífẹ̀ apá rẹ̀ máa ń kù sí, ṣùgbọ́n ìdá 1 nínú 125 ni ìwúwo rẹ̀ yẹ kó kù sí. Spitfire gidi tó ti gbé epo àti ọta tó nǹkan bíi kílò 3,000, ìṣirò yẹn yóò sì fún yín ní kílò 24. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye yẹn dùn mọ́ yín nínú. Bàlúù kílò 24 lórí apá tó kéré tó bẹ́ẹ̀ yóò máa sáré balẹ̀ bí òkúta tí a jù. Kílò 11 ni kí ẹ fi ṣe àfojúsùn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó kọjá 13 rárá. Ní kílò 11, ẹ lè mú un rọra dé nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan kí apá rẹ̀ tó kọ̀ láti gbé e, ẹni tó sì ti mọ bàlúù onífóòmù darí lè kọ́ bí a ṣe ń gba irú eré bẹ́ẹ̀ wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrù wá kàn wàyí. Gbogbo bàlúù ló ní ibì kan lábẹ́ apá tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka méjì gbé e níbẹ̀, kò ní tẹ̀ síwájú, kò sì ní tẹ̀ sẹ́yìn. Ojú ìwọ̀n ni èmi máa ń pè é. Nínú Spitfire tiyín, ìrù yóò jìnnà sí ojú ìwọ̀n náà tó nǹkan bíi mítà 1.1, nígbà tí ibi tí òjé lè wọ̀ sí níwájú kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Ẹ ti rí ọmọdé méjì tó jókòó sí ìkangun pákó jangirọ́fà: èyí tó jókòó sí ọ̀nà jíjìn lè tẹ pákó náà, bó tilẹ̀ fúyẹ́ ju èkejì lọ. Gíráàmù 100 tó bá lé ní ìrù yóò béèrè nǹkan bíi gíráàmù 245 ní imú. Ẹ wá fi gíráàmù 600 ṣe ìṣirò náà, kílò kan àti ààbọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín sọ ni ẹ óò bá níbẹ̀. Bàlúù rẹ̀ wá gbé ìwúwo kílò méjì àti díẹ̀ tí kò ṣe é láǹfààní kankan.

Níbo ni gíráàmù 600 ti lè fara pamọ́ sínú ìrù? Inú igi fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹ mú pákó balsa méjì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó gùn ní mítà kan, tó sì nípọn ní mìlímítà 3. Lójú, ìbejì ni wọ́n. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 30, kí ìkejì sì jẹ́ 60. Bí ìrù yín bá gba pákó mẹ́fà, tó sì jẹ́ èyí tó wúwo ni ẹ mú, ẹ ti fi gíráàmù 180 kún un láìfi gúlúù kan èékánná yín. Nítorí náà, kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wọn gbogbo pákó tí ẹ rà, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ìwúwo rẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì tò wọ́n láti orí èyí tó fúyẹ́ jù dé orí èyí tó wúwo jù. Àwọn tó fúyẹ́ jù, ìrù ló ni wọ́n. Àwọn tó wúwo, ẹ lò wọ́n níwájú apá àti ní agbègbè imú, nítorí pé wọ́n tún máa ń le ju àwọn yòókù lọ.

Ìkejì ni servo, mọ́tò kékeré tó ń fa àwọn ohun ìdarí bàlúù. Ó máa ń wu ènìyàn láti gbé servo méjì tàbí mẹ́ta sínú ìrù kí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fa elevator (pẹpẹ ìrù tó ń gbé imú sókè tàbí sílẹ̀) àti ìtọ́kọ̀ (èyí tó ń yí imú sọ́tùn-ún tàbí sósì) lè kúrú, ṣùgbọ́n nínú Spitfire, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ to wọ́n sábẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó, kí ẹ fi wáyà tín-ín-rín méjì fa ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ sì fi ọ̀pá káríbọ̀nù tó gan ti elevator. Ìkẹta ni ọ̀dà, gúlúù àti ohun tí a fi ń dí ihò igi. Ọ̀dà burúkú jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ìgbà tí ọkàn ti balẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí ni a máa ń kùn ún, tí a ó sì máa kùn ún léra.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ìrù, kódà bí pílánì bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara tàbí láti apá. Ìrù tí ẹ ti kọ́ parí, ẹ lè wọ̀n ọ́n. Ní ìwọ̀n tiyín yìí, èmi kì í gbà kí gbogbo ìrù lápapọ̀ kọjá gíráàmù 400 kí a tó bo ara rẹ̀. Bí ó bá kọjá, ẹ tún un kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ẹ óò pàdánù. Ẹni tó bá kọ́ ìrù gbẹ̀yìn máa ń mọ̀ pé ó wúwo nígbà tí kò sí ohun tó tún lè ṣe sí i mọ́.

Ní ti apá, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Apá Spitfire gidi lọ́ díẹ̀: ní ìdí rẹ̀, ó gbé ojú sókè ní dígírì 2, ṣùgbọ́n ní ṣóńṣó, ó dojú kọlẹ̀ ní ìdajì dígírì. Dígírì méjì àti ààbọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ṣóńṣó apá kọ̀ṣẹ́ ṣáájú ìdí rẹ̀ nígbà tí eré bá lọ sílẹ̀. Bàlúù kékeré nílò rẹ̀ ju ti gidi lọ, torí pé ṣóńṣó apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ kì í sì í fara mọ́ ohun tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa. Bí ẹ bá kọ́ apá náà sórí tábìlì pẹrẹsẹ láìfi ohunkóhun ti ẹ̀yìn ṣóńṣó rẹ̀ sókè, bàlúù náà yóò dára lójú, yóò sì yí dànù lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bà lẹ̀. Ẹ gé àwọn èèkàn balsa kéékèèké sábẹ́ egungun ìhà kọ̀ọ̀kan, kí gíga wọn máa yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì yọ wọ́n títí pákó òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò fi gbẹ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí apá náà ṣeé tú sí méjì lórí páìpù alumíníọ́mù. Mo ti fìgbà kan kọ́ apá alódindi tó gùn ju mítà méjì lọ nínú yàrá òkè, ojú fèrèsé ni mo sì gbà gbé e jáde pẹ̀lú okùn.

Ẹ béèrè nípa ẹ́ńjìnnì. Onípẹtiróòlù tó jẹ́ 50 sí 55 cc yóò gbé kílò 11 dáadáa, á sì pẹ́ lókè. Ṣùgbọ́n imú Spitfire tẹ́ẹ́rẹ́, orí sílíńdà sì lè yọ síta lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ kò bá ṣọ́ra. Ooru ibẹ̀ tún jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀: ihò tí afẹ́fẹ́ gbà jáde gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tó gbà wọlé ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru yóò há sínú. Fún ẹni tó ń bọ̀ láti orí fóòmù, èmi yóò yan mọ́tò oníbátìrì. Ẹ ṣírò wáàtì 300 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 3,300. Bátìrì líthíọ́mù oní-12S (sẹ́ẹ̀lì 12 tí a so tẹ̀ léra), tó jẹ́ fóltì 44.4, yóò fi nǹkan bíi áńpìà 75 gbé èyí jáde nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin. Bí bátìrì náà bá jẹ́ 5,000 mAh, ẹ ṣètò fún ìṣẹ́jú 6 sí 7 lókè, kí ó sì ku ìdá 1 nínú 5 nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá bà. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé bátìrì náà lè wúwo ju kílò kan lọ, ẹ sì lè tì í síwájú tàbí sẹ́yìn. Òjé tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ ṣe àyè tó gùn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì fi sílẹ̀ lórí ṣájà nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí.

Ẹsẹ̀ tó ń ká, ẹ lè fi sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kékeré. Ẹsẹ̀ Spitfire sún mọ́ra, ìta ni ó sì ń ká sí, nítorí náà bàlúù náà máa ń fì lórí ilẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà gíga. Ẹ lẹ pákó plywood tí yóò gbé e mọ́ egungun ìhà mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ fi epoxy tó ń pẹ́ gbẹ lẹ̀ ẹ́, nítorí ìbàlẹ̀ kan tó le lè fa ohun tí a lẹ̀ mọ́ egungun kan ṣoṣo ya tefuntefun. Kí ẹsẹ̀ náà ní sípíríǹgì. Nígbà tí ẹ bá gbé ìrù sókè tí ara rẹ̀ sì tẹ́jú, àárín táyà gbọ́dọ̀ wà níwájú ojú ìwọ̀n dáadáa, kí ó má baà dojú bolẹ̀ nígbà tó bá ń sáré lórí koríko. Ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé e fò, ẹ má ká ẹsẹ̀ náà rárá.

Fún rísífà, ìyẹn ohun tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú bàlúù, ẹ lo bátìrì méjì pẹ̀lú swíìṣì méjì, kí ìkejì lè gbà á bí ọ̀kan bá kú. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí agbára mọ́tò lè já sí òdo bí rìmóòtù bá pàdánù rẹ̀. Servo onírin tó lè fa kílò 15 ní sẹ̀ǹtímítà kan tó fún elevator àti aileron (pẹpẹ ẹ̀yìn apá tó ń mú bàlúù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́), bí ìsopọ̀ wọn kò bá ti mì rárá. Ohun tó bá ń mì níbẹ̀ yóò gbọ̀n dànù nígbà tí bàlúù bá sáré sọ̀kalẹ̀. Ẹ tún béèrè òfin lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú níbi tí ẹ ń gbé. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, nǹkan bíi kílò 25 ni òfin ti máa ń le sí i, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ lè kan èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, tí bátìrì ti wọlé, tí ẹsẹ̀ sì wà ní ipò tí ẹ óò fi fò, ẹ dojú bàlúù náà dé, nítorí pé apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ara, kò ní dúró jẹ́ẹ́ bí ẹ bá gbé e lóòró. Kí ẹ̀yin àti ẹnì kejì fi ìka gbé e níbi tí pílánì fi àmì ojú ìwọ̀n sí. Bí pílánì bá fún yín láàyè láàárín àmì méjì, ti iwájú ni kí ẹ lò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí imú tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ ti bátìrì síwájú kí ẹ tó ronú òjé. Bí ó bá ṣì ku òjé díẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sí i, ẹ lu ihò sí i lára, kí ẹ fi bóòtù dè é mọ́ pátákó tí mọ́tò dúró lé. Ẹ má fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Òjé tó bá já lókè, ẹ̀yìn ló máa ń yí lọ.