Ọ̀rá tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ṣé bakitéríà òkun á jẹ ẹ́ lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ ni mo ń tà ní Mọ́kọlá n'Ìbàdàn níbí. Ẹni tó ń kó ọ̀rá wá fún mi gbé oríṣi kan dé, ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, pé tó bá fi lè dénú òkun bakitéríà á jẹ ẹ́ tán. Mo bá pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo da iyọ̀ sí i, mo rẹ ọ̀rá náà sínú ẹ̀. Oṣù kẹrin rèé, kò já, kò rà. Àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni? Èmi Ìyá Ẹlẹ́kọ.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọpọlọ o! Àmọ́ iyọ̀ kọ́ ló ń jẹ ọ̀rá, bakitéríà ni, èyí tó ń gbé inú òkun ò sì sí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yín. Ọ̀rọ̀ àgbàdo yẹn lè jẹ́ òótọ́ o, PLA ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, ibi òkun yẹn ni oníbàárà yín ti bù mọ́ ọn, torí PLA ń fẹ́ ooru tó tó bí 60°C kó tó rà kíákíá, òkun wo ló gbóná tó yẹn?

Èyí tí bakitéríà òkun ń jẹ dáadáa ni oríṣi míì tí wọ́n ń pè ní PHA. Bakitéríà fúnra wọn ló ń ṣe é, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sára de ọjọ́ ebi, bí èèyàn ṣe ń ní ọ̀rá lára (kì í ṣe ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ń di ẹ̀kọ o). Ará Faransé kan, Maurice Lemoigne, ló rí i ní 1926. Bakitéríà ò lẹ́nu tí wọ́n á fi gé e jẹ, ńṣe ni wọ́n ń tu ẹnsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń gé nǹkan sí wẹ́wẹ́, sí i lára títí á fi já wẹ́wẹ́, wọ́n á wá fà á mu. Ẹ ṣáà mọ bí ẹ̀kọ mímu ṣe ń ṣomi tí ṣíbí bá ti ń tẹnu bọ inú ẹ̀, iṣẹ́ ẹnsáìmù inú itọ́ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Jàpáàn tiẹ̀ gbé oríṣiríṣi irú ọ̀rá báyìí lọ sísàlẹ̀ òkun, ó jìn ju 5,000 mítà lọ níbòmíì, ìwádìí yẹn jáde ní 2024: PHA ń rà níbẹ̀, ó kàn ń falẹ̀ ni, PLA ò mira.

Ọ̀rá piọ̀ wọ́tà tó kún Ògùnpa ńkọ́? Ìyẹn le jù, ẹnsáìmù bakitéríà ò ríbi gé e.

Tí oníbàárà yín bá tún dé, ẹ bi í pé PLA ni àbí PHA, tó bá ti ń wò yín, ẹ má fowó kún owó. Ṣé ẹ ṣì ń ta ti ewé eéran ṣá? Mo lè yà lọ́jọ́ Sátidé.