Èsì: Ìdí tí igi fi le tí òwú sì rọ̀

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí o. Ẹ ní tó bá jẹ́ cellulose kan náà, ìyẹn èròjà tí ewéko fi ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ló wà nínú òwú àti igi, kí ló wá fà á tí ọ̀kan fi rọ̀ tí èkejì le koko? Òótọ́ ni, ohun kan náà ni. Ẹ wo cellulose bí ẹ̀wọ̀n kan tó gùn gan-an, ẹyọ glúkóòsì, ìyẹn irú ṣúgà kan, ni oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló so mọ́ra, tí ọ̀kan bá kọjú sókè èyí tó tẹ̀lé e á dojú délẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wọ̀n yẹn fi nà gbọọrọ tí kì í ká bíi ti sítáàṣì. Wọ́n á wá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdè háídrójìn á so wọ́n pọ̀, wọ́n á di okùn tín-ín-rín, ti inú igi ò ju nǹkan bíi 3 nanometer lọ ní ìbú (nanometer kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan)! Ibi tó wù mí jù nìyẹn, torí okùn yìí ló ń lọ́ yípo ara sẹ́ẹ̀lì bí ìgbà téèyàn ń wé okùn mọ́ ọ̀pá.

Ohun tó yí okùn náà ká ló fa ìyàtọ̀. Òwú, cellulose lé ní 90% nínú ẹ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan dá wà, ó ń tẹ̀ bó ṣe wù ú. Ti igi ò ju 40 sí 50% lọ, hemicellulose àti lignin, àwọn èròjà mìíràn tó wà nínú igi, ló kún àlàfo tó kù, lignin yẹn ló dà bíi sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi àáké la igi gbígbẹ ní òró, á là wéré, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gé e ní ìbú iṣẹ́ dé nìyẹn, torí okùn yẹn gan-an lẹ̀ ń gé.